Òkú Tó Ń Bá Àga Jiyàn

"Òkú ni yìí," ni Àga wí. "Ẹ gbé e kúrò lórí mi, kí alààyè rí ibi jókòó sí."

Láfinhàn la ojú sílẹ̀ ràngàndàn. Òun tí wọ́n ń pè lókùú yìí, àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ló fi ọwọ́ òsì nìkan gbé àpótí tí ẹṣin méje ò lè fà kúrò nínú ọkọ̀ òfurufú. Bí ẹ bá bi òun fúnra rẹ̀ ni o. Bí ẹ bá bi àwọn alábàárù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní àpótí gúgúrú ni, eegun irin tó wọ̀ sára ló sì gbé e, òun kàn ń tẹ̀ lé eegun lẹ́yìn bí ìyàwó tuntun. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí kò níyàn nínú ni pé inú ń run ún. Ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, bí ẹni pé wọ́n ń gún ata níbẹ̀, tí ata ọ̀hún ò sì fẹ́ kúnná.

"Àga, èmi rèé!" ló pariwo. "Ṣé òkú máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀," ni Àga dáhùn. "Àwọn tó bá ti jẹ́ aláròyé látayé wá."

Ohùn ìyá àgbà ló wà nínú Àga yìí, ìyá agbẹ̀bí kan tó ti relé kí wọ́n tó bí Láfinhàn. Kí màmá náà tó lọ, àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ Àáró Ìlera ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo oríkì ilé tó mọ̀ nílùú Agbedò, pẹ̀lú gbogbo èébú tó mọ̀. Èébú ọ̀hún ló pọ̀ jù.

Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú Àga, tẹ̀ síwájú. Ọmọbìnrin yìí rẹwà dé bi pé bó bá kọjá lálẹ́, ẹ̀fọn á gbàgbé ohun tó bá wá. Ó gbé ọrùn ọwọ́ Láfinhàn, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ tó wà níbẹ̀. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń wọ irú rẹ̀, inú ẹ̀ ni Àga ti ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ara bá yá, bí ẹ̀jẹ̀ bá dìde, ìlẹ̀kẹ̀ á tàn bí ọsàn tó pọ́n. Ti Láfinhàn dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Láfinhàn, o ti kú lóòótọ́," ló wí.

"Rẹ̀mí mi, ìwọ náà?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí eegun irin tó wọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀: ti apá, pẹ́ú, ti itan, pẹ́ú, ti ẹ̀yìn, pẹ́ẹ́ú. Ó bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó wọn sí, kí wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíì. Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọdún méjì tí wọ́n ti jọ ń làágùn!

"Ẹ dá a dúró! Iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi lọ́la!"

"Kò ṣeé dá dúró. Eegun irin kì í gbé òkú."

Ẹ̀rù wá ba Láfinhàn wàyí, nítorí ọyẹ́ ti dé, àkókò ọyẹ́ sì ni alábàárù ń jẹun. Ìjọba ti ṣòfin pé ẹ̀rọ agbẹ́rù ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú eruku, kó má lọ bàjẹ́. Ènìyàn lè gbé ẹrù nínú ẹ̀. Ènìyàn ò ní gáráǹtì. Eegun irin tí wọ́n ń wọ̀ náà, àlòkù ni, ó ti gbó débi pé ìjọba kọ̀wé pé kì í ṣe ẹ̀rọ mọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ló tún un ṣe, tí wọ́n fi ń yá alábàárù. Ẹni tí kò bá ní eegun irin ní Agbedò, àfi kó máa ta omi.

"Àga yín ti bàjẹ́," ni Láfinhàn wí. Ó fẹ́ dìde, ikùn rẹ̀ gbá a mú, ó jókòó padà. "Mo ti ṣe àáró mi pé pérépéré. Bí yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú oògùn bá dé, ta ló ń gbé e gun òkè yìí? Èmi ni! Lọ́jọ́ kan báyìí, mo gbé e sáré débi pé òjìji mi ò lè bá mi, ìrọ̀lẹ́ ló tó wọlé."

"A ti gbọ́ ti òjìji," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o ti wọ ẹgbẹ́, o ò jókòó lórí Àga rí. A ní kó o wá ṣàyẹ̀wò, o ní ọmọ Apẹkùn kì í jókòó níwájú obìnrin."

"Èèwọ̀ ilé wa ni."

"Ó dáa. Àga ti ki ẹ́ ní oríkì Ilé Apẹkùn látòkè délẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ ò mira. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Àga yìí dé láti òkè òkun, gbogbo ẹni tó bá jókòó lé e ló ń pè láìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ló kọ́ tó wá fi ń wọn tiwa. Màmá tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló ní ká kọ́kọ́ máa ki èèyàn ná. Bí wọ́n bá ki èèyàn ní oríkì ilé baba rẹ̀, orí á wú, ẹ̀jẹ̀ á dìde, ibẹ̀ ni Àga ti ń mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá sọ̀rọ̀. Alààyè tí wọ́n ki tí orí ẹ̀ ò wú, a ò rí i rí."

Láfinhàn gbójú sókè. Ó ń wo òrùlé.

Níta, ariwo ti ta. Bí Àga bá ti pe ènìyàn lókùú, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílùú ló ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, ẹ kú ọ̀fọ̀ o," àáró sàréè sì di dandan. Kì í ṣe ìwòsàn nìkan ni ẹgbẹ́ ń ṣe. Alábàárù, amọlé, onídìrí, aránṣọ, gbogbo ẹni tí ilé ìwòsàn ńlá ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, ẹgbẹ́ ló ń gbà wọ́n wọ ayé, ẹgbẹ́ ló ń sìn wọ́n jáde. Kí Láfinhàn tó mí kanlẹ̀, ilé ti kún. Bí ẹ bá sọ pé igba èèyàn ló wá, ẹ ti dín ọlá wọn kù. Gbogbo wọn ló gbé ṣọ́bìrì.

Mónsúrù ló ṣíwájú. Alábàárù ni òun náà, ọmọ ìlú kan náà, ó rọra ń ṣe ohun gbogbo. Bí ẹ bá rán an níṣẹ́ lónìí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín dúró gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ọdún méjì tí wọ́n ti jọ ń gbẹ́rù ni Láfinhàn ti sọ ọ́ lórúkọ, Ìgbín. Ìgbín, ṣé o ti dé? Ìgbín, ọkọ̀ òfurufú àná ti lọ o. Ìgbín, fi itọ́ lé ilẹ̀ kí ọ̀nà lè yọ̀ fún ọ.

"Láfinhàn," ni Mónsúrù wí, tẹ̀dùntẹ̀dùn, "wọ́n ní o ti kú."

"Mi ò kú! Ṣé o ò rí mi ni?"

"Mo rí ẹ. Jọ̀ọ́, na ẹsẹ̀ kí n wọ̀n ọ́." Ó ti yọ okùn lápò. "Ilẹ̀ ti le nítorí ọyẹ́. Bó o bá lè ká orúnkún díẹ̀ níbẹ̀, wàá bá wa dín iṣẹ́ kù."

"Mónsúrù, màá gbá ẹ létí!"

"Òkú ọ̀rọ̀," ni Mónsúrù wí fún àwọn tó wà lẹ́yìn, gbogbo wọn sì mi orí.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Alága wọlé. Màmá Abọ́sẹ̀dé lorúkọ ẹ̀. Òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tí dókítà tó gbẹ̀yìn nílùú fò lọ sókè òkun. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló kù, Màmá fi òun àti àwọn aránṣọ mẹ́sàn-án ẹgbẹ́ ẹ̀ sábẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn láti kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ tó rán aṣọ fún ogún ọdún, ó ní kò sóhun tó wà lára èèyàn tí òun ò lè là kí òun sì rán padà, tí ẹnìkan ò ní rí ojú okùn. Ó ga, ó sanra, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ ọba ni, ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀, ní àárọ̀, lọ́sàn-án àti bí ó bá fẹ́ sùn. Òun pàápàá ò jókòó lórí Àga rí. Ta ló fẹ́ fipá mú un?

Ó gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn Láfinhàn, ó tẹ̀ ẹ́. Láfinhàn ké, àwọn àdàbà fò kúrò lórí òrùlé ilé kẹrin.

"Àpẹ́ńdíìsì ni," ni Ìyá Alága wí. "Ó ti wú. Bó bá fi bẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ Àga á di òótọ́."

"Ẹ là mí nígbà náà, ẹ̀yin ìyá mi! Ẹ là mí!"

"Màá fi kí ni là ọ́? Àga ló ń po oorun tí a fi ń mú èèyàn sùn. Bí kò bá mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ, oorun tó máa pò fún ọ lè jẹ́ èyí tí o ò ní jí nínú ẹ̀. Mi ò la òkú, mi ò sì la ẹni tí ojú ẹ̀ ṣì là."

"Ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn ńlá."

"Ọ̀nà jìn," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Kò fi ṣeré mọ́. "Dókítà wọn pàápàá, inú dígí ló wà, òkè òkun ló ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ilé tí o lè fi dúró fún owó wọn kí wọ́n tó béèrè ibi tó ń dùn ọ́. Láfinhàn, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ ò mira?"

"Mo sọ fún un yín, Àga ti bàjẹ́."

Ìyá Alága na ìka sí Mónsúrù. "Ìwọ, jókòó ká wò ó."

Wọ́n sún Láfinhàn sí orí ẹní, Mónsúrù gun Àga tòun ti ṣọ́bìrì. Àga fọ ọ̀fun. Ohùn ìyá àgbà yẹn wá yí padà, ó gùn, ó ń mì:

"Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Odò-Ẹmu,
ọmọ ewìrì tí í mí nígbà tí gbogbo ilé sùn,
ọmọ a-lu-irin-títí-irin-ń-rẹ́rìn-ín,
iná jó baba yín lọ́wọ́, ó ní ká dáná sí i..."

Mónsúrù yìí tó máa ń tẹ̀ bí ewé kókò, ọrùn ẹ̀ gùn. Àyà ẹ̀ yọ. Omi lé ròrò lójú ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ sì tàn yòò títí òjìji ṣọ́bìrì fi hàn lára ògiri.

"Alààyè," ni Àga wí. "Eyín ìsàlẹ̀ rẹ kan ti jẹrà, o sì ń jẹ iyọ̀ jù. Dìde."

Gbogbo ilé wo Láfinhàn. Láfinhàn lé àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ikùn, ó ń ronú. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó bí òun ò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún òun, ló wí. Ó lè jẹ́ ilé ọba ni wọ́n ti gbé òun pamọ́ wá.

"Ẹ fi oríkì ọba gbìyànjú."

Àga ki oríkì ọba. Ó dùn, ó wọra, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà níta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ Láfinhàn dúdú. Ti Ìyá Alága náà ò tàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ Màmá kì í tàn. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀jẹ̀ ọba kì í fò sókè nítorí ariwo.

"Ẹ gbìyànjú ti àwọn jagunjagun."

Dúdú.

"Ti ọdẹ?"

Dúdú.

"Ti àwọn olówó kan báyìí..."

"Òkú yìí ń ṣa ilé bí ẹni ń ṣa ẹran lórí igbá," ni Àga wí. "Gbogbo ilé tí mo mọ̀ ti fẹ́ tán. Ó kù Ilé Olè."

Ikùn tún gbá a mú. Lọ́tẹ̀ yìí kò lè ké. Òógùn bò ó, ètè ẹ̀ funfun. Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀ tì í, ó fi etí aṣọ nù ún lójú.

"Láfinhàn, wò mí. Ta ni baba rẹ?"

Ẹ wá wo wàhálà tó bá ọmọkùnrin. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yìí gan-an ló ti sọ pé bàbá àgbà òun gbá ẹkùn létí, ẹkùn bẹ̀bẹ̀, bàbá ní kó lọ bá òun pọn omi wá, ẹkùn sì lọ. Iwájú ẹ̀ ni Mónsúrù wà pẹ̀lú okùn tó fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn Mónsúrù ni gbogbo alábàárù Agbedò wà. Bí kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á sin ín bí ọmọ Apẹkùn, akọni, wọ́n á máa sunkún ẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, á yè, àmọ́ irú ayé wo ló fẹ́ yè sí? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí kì í bá ṣe ikùn tó tún já a jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ìgbéraga ni ìbá sin ín.

"Onígbìn," ló wí, jẹ́jẹ́.

"Kí lo wí?"

"Ọmọ Onígbìn ni mí. Ilé Onígbìn ní Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀. Ìgbín ni bàbá mi ń ṣà. Ìgbín ni bàbá ẹ̀ ń ṣà. Láti ọjọ́ tí a ti dáyé, ẹnìkankan nínú wa ò rí ẹkùn rí, bí a bá sì rí i, a ò ní dúró."

Ilé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn pọ̀ dé bi pé wọ́n ń gbọ́ ìrònú èrà. Mónsúrù kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì lélẹ̀, pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Ó jókòó sílẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bu omi fún un, ó fi omi ọ̀hún rẹ́rìn-ín.

"Ọdún méjì!" ló ń pariwo. "Ọdún méjì gbáko! Ta ni Ìgbín?"

"Èmi ni."

"Mi ò gbọ́!"

"Èmi ni Ìgbín, Mónsúrù! Ìwọ alágbẹ̀dẹ burúkú!"

"Mi ò mọ Ilé Onígbìn," ni Àga dá sí i. "Ẹnikẹ́ni ò ki í fún mi nígbà ayé mi. Ẹ ki í kí n gbọ́."

Láfinhàn fọ ọ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀: "Èmi ọmọ Onígbìn, èmi ọmọ a-rọra..."

"Dákẹ́!" Àga jágbe mọ́ ọn. "Ta ló kọ́ ọ níyẹn? Ènìyàn kì í ki ara ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dìde fún ẹnu ara ẹ̀, ìbà ni. Ẹlòmíì ni kó ki ọ́."

Ó ya Láfinhàn lẹ́nu, nítorí láti kékeré, kò mọ ẹlòmíì tó lè ki òun ju òun lọ. Ìyá ẹ̀ ló máa ń ki í láàárọ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tó hu irùngbọ̀n mẹ́ta, ó ní kí ìyá jọ̀ọ́ dákẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀.

Kò sí ọ̀nà míì. Òun ló sùn sórí ẹní, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń fi ẹnu ara ẹ̀ kọ́ igba alábàárù ní oríkì ìgbín. Ó sọ ọ́ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbà á lẹ́nu ẹ̀, Mónsúrù sì ṣíwájú wọn, ó ń ki í pẹ̀lú imú, ó ń fi ìka méjì ṣe ìwo sórí bíi ti ìgbín:

"Ogun dé, ẹ wọlé;
ogun lọ, ẹ yọjú..."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú.

"Èébú lẹ̀ ń bú u," ni Àga wí. "Ẹ̀jẹ̀ kì í dìde fún yẹ̀yẹ́. Bẹ́ ò bá ní fi inú kan ki í, ẹ lọ gbẹ́ ilẹ̀ yín."

Rẹ̀mílẹ́kún yíjú sí wọn. "Ṣé ẹ fẹ́ fi ẹ̀rín pa á ni? Mónsúrù!"

Mónsúrù sọ ìka kalẹ̀. Ó wo Láfinhàn, ojú ẹ̀ ti ń yí. Ó họ orí.

"Kí ni mo fẹ́ rí yìn nínú ẹ̀, àbúrò mi? Ẹnu ẹ̀ ti yin gbogbo ẹ̀ tán. Àfi ọjọ́ tí eegun irin mi kú mọ́ mi lára lórí àkàbà ọkọ̀ òfurufú. Òkè pátápátá. Gbogbo wọn ń pariwo nísàlẹ̀. Òun ló gun un wá. Ó gbé mi pọ̀n, èmi àti irin. Kò sáré o. Ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Nígbà tá a délẹ̀, ó sọ fún gbogbo èèyàn pé ṣe ni òun fò. Irọ́ ni. Ó rọra ni."

"Ki í bẹ́ẹ̀," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Mónsúrù dìde. Ó gbé ohùn, ohùn ọmọ alágbẹ̀dẹ tó tóbi bí àgbá, Rẹ̀mílẹ́kún gbè é, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́:

"Ọmọ Onígbìn Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀,
ọmọ a-gbé-ilé-dání-ròkè-odò,
òjò pa ọba, òjò pa ìwọ̀fà, òjò ò pa baba yín.
Ogun dé, ẹ wọlé;
ogun lọ, ẹ yọjú.
Baba yín ò pa ẹnìkan, ẹnìkan ò pa baba yín.
Àwọn tó sáré lọ ojú ogun dà?
Ọmọ Onígbìn ló kù nílé tó ń sin wọ́n.
Kò lẹ́sẹ̀, ó gun àràbà;
kò lọ́wọ́, kò já bọ́..."

Láfinhàn fẹ́ fi ojú ṣe bí akọni, kò ṣeé ṣe. Ó gbọ́ ìyá ẹ̀ nínú igba ẹnu yẹn. Ó gbọ́ òórùn ewé ọ̀rinrin, ó rí igbá tí ìgbín ń yọ ìwo jẹ́jẹ́ létí ẹ̀. Nǹkan kan ti àtẹ́lẹsẹ̀ gbéra, ó gba ẹ̀yìn, ó dé orí, orí sì wú, ó wú tó fi rò pé fìlà ń bọ́, kò sì dé fìlà. Ìlẹ̀kẹ̀ tàn. Kò tàn bí ọsàn. Bí oòrùn ọ̀sán ni! Àwọn tó wà lókè òkun, àwọn dókítà tó wà nínú dígí, wọ́n bo ojú. (Ó dáa, ó tàn bí ọsàn. Ṣùgbọ́n ọsàn ńlá.)

"Háà," ni Àga wí, "alààyè ni! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi alààyè ṣòfò? Àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ ti fẹ́ bẹ́. Mo ti mọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, mo ń po oorun lọ báyìí. Ẹ̀jẹ̀ Onígbìn, ẹ̀jẹ̀ tútù, ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ẹ ṣe sùúrù. Méjì ni mo gbọ́."

"Méjì kí ni?" ni Rẹ̀mílẹ́kún bi í.

"Onígbìn méjì ló wà nínú ilé yìí. Èkejì ti kọ́kọ́ dìde kí ti ẹni yìí tó dìde. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin ni, ó dàgbà díẹ̀, ó lágbára gan-an."

Kò sẹ́ni tó sọ pé kí ẹnìkan wo ẹnìkan. Àwọn alábàárù ti ń bú sáriwo, wọ́n ń gbé Mónsúrù sókè, ṣọ́bìrì ń fò. Láfinhàn nìkan ló sùn sílẹ̀, ibi tó sùn sí nìkan ló sì ti rí i: lábẹ́ ìborùn tí Ìyá Alága yára fi bo ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ pípọ́n kan ń yọ láàárín ihò léèsì, yòò, bí iná ilé tó ń hàn láti inú igbó. Ọmọ ọba yìí! Ọmọ ọba àárọ̀, ọ̀sán, àti alẹ́!

Ojú wọn pàdé.

Ẹ mọ Láfinhàn. Ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tó ti máa ń fi èrà ṣe, kó tó di pé Ọlọ́run wá gbé erin fún un báyìí. Ẹnu ẹ̀ ti là. Ahọ́n ẹ̀ ti gbéra.

Ìyá Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ tún ẹní ṣe, ó gbé ẹnu sún mọ́ ọn létí.

"Ọmọ bàbá mi," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, ohùn ẹ̀ dùn bí oyin, "èmi ni mo máa là ọ́ o. Èmi náà ni mo máa rán an. Gbogbo ibi tí mo bá fẹ́ ni mo lè rán dé. Mo lè rán ẹnu."

Láfinhàn pa ẹnu dé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ọ̀rọ̀ tó tóbi jù lọ tí ọwọ́ ẹ̀ bà látìgbà tí wọ́n ti bí i, ó sì dun ọ̀fun ju bí àpẹ́ńdíìsì ṣe dun ikùn lọ.

"Kí lẹ ń sọ fún un, Màmá?" ni Rẹ̀mílẹ́kún bi í.

"Mo ń ki í ni."

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ilẹ̀kùn sì ṣí fún un fúnra ẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún di ọwọ́ ẹ̀ mú títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ yìí pé kì í ṣe ọmọ Apẹkùn. Ẹni tí bàbá ẹ̀ bá gbá ẹkùn létí kì í sá fún abẹ́rẹ́ wọ inú àgbá omi. Ó ní bó bá jí, kó wá sọ ìtàn ìgbín kan fún òun, èyí tó jẹ́ òótọ́.

"Òótọ́ ni màá sọ," ni Láfinhàn wí. Oorun tí Àga pò ti ń gbé e lọ, ahọ́n ẹ̀ ti ń wúwo. "Bàbá àgbà mi... ní ìgbín kan. Ó tóbi... ó tóbi ju ilé yìí lọ. Ẹkùn kan wá... ìgbín gbá a létí..."

Ìyá Alága wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé abẹ sókè wò nínú iná, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ wa ni," ló sọ fún ara ẹ̀, nígbà tó dá a lójú pé ó ti sùn.